Ọjọ́ Tí Ilà Mẹ́ta Kúrò Lápá Àna Bàbá Mi

Mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá nígbà tí Mùlíkátù, ọmọ ọmọ mi, wọlé wá kí mi. Búláàsì tuntun ló wọ̀. Ó kúnlẹ̀, mo gbójú sókè kí n lè dá a lóhùn, ojú mi bá bọ́ sí apá aṣọ náà. Aṣọ náà dára o, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ilà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n rán mọ́ ọn, funfun báláú, gẹ́gẹ́ bí ti sójà.

"Mùlíkátù," mo ní, "ta ló fi ọ́ joyè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oyè kẹ̀, Màmá? Fáṣọ̀n ni."

"Kí ni ìtumọ̀ ilà tó wà lápá rẹ?"

"Kò ní ìtumọ̀ kankan, Màmá. Bí wọ́n ṣe rán an nìyẹn."

Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ti dàgbà, ojú mi ti rí nǹkan, mo rò pé kò sí ohun tó tún lè já mi láyà láyé yìí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn já mi láyà. Kò ní ìtumọ̀. Ilà mẹ́ta yẹn gan-an, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní wúńdíá. Bí ó bá gbà á ni, Mùlíkátù ì bá má sí láyé tí yóò fi máa fi ilà ṣe fáṣọ̀n. Mo ní kó fìdí mọ́lẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá Bẹyẹrúnkà wa n'Ìbàdàn bí ó ṣe wà lónìí yìí, ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí. Agbo ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ sí Ọjà'ba. Ìró òfì ló máa ń jí wa láàárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà: kẹ́ṣẹ́-kàà, kẹ́ṣẹ́-kàà, láti ilé dé ilé, bí ẹni pé àwọn ilé náà ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi jẹ́ ahunṣọ òfì. Lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀yin wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí báyìí, ìkòkò aró ló tò síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ni wọ́n. Ìyá Aláró là ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ tó fi ń tú àdìrẹ lọ. Lónìí, ẹ̀rọ amúnáwá ló ń pariwo níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn ń pariwo ni.

Láyé ìgbà náà, ojú èèyàn ni ìwé rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, kí ó tó la ẹnu, a ti kà á. Èyí tó kọ àbàjà, a mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Èyí tó kọ gọ̀ǹbọ́, a mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá sọnù sí Ọjà'ba, ojú rẹ̀ la máa wò ká tó mú un relé. Ilà ni ẹ̀rí, ilà sì ni orúkọ. Ilà kì í parẹ́, bí a bá ti kọ ọ́, ó di inú sàréè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló kó bá wa. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn òmìnira kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú ẹ̀yin ń dán bí àwo tánganran, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọnù lónìí, n kò mọ ohun tí a ó fi wá yín.

Àwọn sójà náà wà nílùú. Òyìnbó ṣì ni ń ṣe ìjọba, bárékè wọn sì wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n máa ń wá sí ọjà ní méjì méjì láti ra ọṣẹ àti obì. Wọn kì í gbé ìbọn wọ ọjà. Bàtà wọn á máa dún kò, kò, kò lórí òkúta, àwọn ìyá ọlọ́jà á sì máa pè wọ́n ní ọkọ mi. Lónìí, bí mo bá rí kákí ní Bẹẹrẹ, mo máa ń wá ibi tí n óò yà sí. Bẹ́ẹ̀, èmi gan-an aya sójà ni mí. Ẹ ò rí i pé ayé ti yí padà kọjá sísọ.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà náà ni Làmídì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Ọkùnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rí mi níbi tí mo ti ń ra òwú fún bàbá mi, ó sì rán alárinà sí ilé wa. Ìyá Sàráfà, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, ni alárinà náà.

Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. "Ìyá Sàráfà, mo bọ̀wọ̀ fún yín," ó ní, "ṣùgbọ́n n kò ní fọmọ fún ẹni tí wọ́n lè súfèé pè lọ́la, kó má padà wálé mọ́."

Ìyá Sàráfà kò bínú. Ó ṣa ègé òwú funfun tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá òfì, ó fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ lórí ẹní: ó tẹ ọ̀kan wọ́, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Ó tẹ́ ìkejì sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ìkẹta.

"Bàbá, ẹ wò ó," ó ní. "Nínú iṣẹ́ wọn, apá ni wọ́n ń kọlà sí. Ẹni tó ní ẹyọ kan, ó ń darí àwọn tí kò ní. Kọ́púrà ní méjì, òun ló ń darí ẹlẹ́yọ kan. Sájẹ́ńtì ní mẹ́ta. Mẹ́ta ni Làmídì ní. Bí ó bá fọhùn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń nà ró."

Bàbá mi wo òwú náà títí. "Kí ló wà lókè mẹ́ta?"

Ìyá Sàráfà ronú díẹ̀. "Kí ni ì bá tún wà lókè mẹ́ta, bí kò ṣe mẹ́rin?"

Ẹ ò rí nǹkan. Ọlọ́ṣẹ ni, kì í ṣe sójà. Ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀ ló sọ, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo wa.

Làmídì wá kí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kákí rẹ̀. Bàbá mi ń ka apá rẹ̀ bó ṣe wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó gbàgbé pé òun kọ̀ rí. Ìdí òfì, iwájú mọ́ṣáláṣí, ojú ọ̀nà Mápó, ibi tó bá jókòó sí, "àna mi onílà mẹ́ta" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Káríìmù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òfì tiwọn kọjú síra, á ní, "Ìwọ Àkànbí, ilà mẹ́ta yìí, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ fún un ni?" Bàbá mi á ní, "Ó kù díẹ̀ kó di mẹ́rin."

Wọ́n ṣe ìdáná. Ẹrù ìdáná wà nínú yàrá ìyá mi, a sì fi yìgì sí ẹ̀yìn Iléyá. Láti ìgbà náà ni ìfọṣọ Làmídì ti di iṣẹ́ mi. A kì í jókòó tira wa nígbà náà bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe. Aṣọ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyá Sàráfà á kó o wá nínú àpò, èmi á gbé e lọ sí odò Kúdẹtì. Omi náà mọ́ nígbà yẹn débi tí ẹ fi lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo sì dúró. Ọ̀rá àti ike ló dí i pa, ewúrẹ́ kan dúró sórí wọn láàárín odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan omi.

Bí mo bá fọ kákí náà tán, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, mo máa ń sá a, n óò wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eérú kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ta iná á jó aṣọ. Ó jó ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kan rí, mo fi òwú bàbá mi dí i, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà kan, sítáàṣì pọ̀ jù, mo gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀, ó dá dúró fúnra rẹ̀ láàárín ilé. Bàbá mi wọlé, ó ní, "Ṣé ṣòkòtò àna mi ló dìde kí mi yìí?" A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Ilà mẹ́ta náà ni mo máa ń lọ̀ kẹ́yìn. Bí mo bá di ojú mi, ọwọ́ mi mọ̀ wọ́n.

Ẹ wá gbọ́. Ó kù díẹ̀ ká ṣe ọdún Òkè'badàn. Ìyá Sàráfà ti lọ sí abúlé, ìyàwó ilé wọn kan ló gbé àpò aṣọ wá, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Mo gbé e dé Kúdẹtì. Mo tú ẹ̀wù àkọ́kọ́, mo sì fi ọwọ́ wá ilà náà kí n lè fi ọṣẹ fọ ọ́. N kò bá a. Mo wo apá òdìkejì, kò sí níbẹ̀ náà. Mo tú èkejì. Kò sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké, àti àpá ilà mẹ́ta tó dúdú ju ìyókù aṣọ lọ, nítorí oòrùn kò tíì jẹ ibẹ̀.

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, omi gbé e lọ, n kò lè lé e. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ojú èèyàn tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ilà kúrò lójú rẹ̀. Kí lẹnì kan lè ṣe tí wọ́n á fi ha ilà rẹ̀ kúrò? Olè ni? Ẹ̀jẹ̀ ni?

Mo fẹ́ sá aṣọ náà sínú ilé, ṣùgbọ́n kákí tútù tí kò bá rí oòrùn, rírùn ló máa rùn. Mo sá a sórí okùn láàárín agbo ilé. Ó na apá méjèèjì síta bí ẹni tí wọ́n ní kó wá rojọ́. Ìyá Aláró ló kọ́kọ́ kọjá. Ó kọjá tán, ó padà.

"Ta ló ni ẹ̀wù yìí?"

"Ti Bùọ̀dá Làmídì ni, mà."

Ó fi ìka dúdú rẹ̀ tọ ojú ibi tí ilà wà. "Wọ́n ti bọ́ oyè lára rẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ohùn Ìyá Aláró bá lọ sílẹ̀ báyẹn ni kéèyàn bẹ̀rù.

Bàbá mi dé. Ó dúró níwájú ẹ̀wù náà, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó yí lọ sápá òsì, ó tún padà. Ó lọ jókòó sídìí òfì, kò sì hun nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ ó ní, kí ló dé tí wọn kò bi Làmídì? Ìwà tiwa nìyẹn nígbà yẹn: ẹni tí nǹkan ìtìjú bá ṣẹlẹ̀ sí, a kì í bi í, kí ó má baà jẹ́ pé àwa la tún tì í lójú lẹ́ẹ̀kejì. Ìtìjú là ń bò, a kò mọ̀ pé irọ́ là ń bò.

Ọdún Òkè'badàn dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dá iná lọ́jọ́ náà, ọjà kì í ná, òfì kì í dún. Orin ìyẹ̀yẹ́ ló ń gba ìgboro. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ọ lórin lọ́jọ́ náà, o ò gbọdọ̀ bínú, ẹ̀rín ni o gbọ́dọ̀ rín. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni wá. Bàbá mi jókòó síwájú ilé, àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó bọ̀, Bàbá Káríìmù ló ń lé orin níwájú:

*Onílà mẹ́ta o, ilà rẹ dà?*
*Ó fọ̀kan ra ẹ̀kọ,*
*Ó fọ̀kan ra àkàrà,*
*Ó fìkẹta tọrọ ìyàwó o.*

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọjọ́ náà. Mo rí eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde bá wọn jó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó pe ìyá mi.

"Ẹrù ìdáná tó wà nínú yàrá rẹ, dì í. Ẹ ránṣẹ́ sí Làmídì kó wá gba nǹkan rẹ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká dúró de Ìyá Sàráfà."

"Ṣé ó máa kó ilà bọ̀ láti abúlé ni?"

N kò sunkún. Mo bá ìyá mi di ẹrù náà: obì, orógbó, àdò oyin, aṣọ, a kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá ńlá, a fi aṣọ dè é lórí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Làmídì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bárékè ló ti ń bọ̀ tààrà, nínú kákí tí èmi fúnra mi lọ̀. Gbogbo agbo ilé jáde. Apá rẹ̀ ṣófo, a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ọwọ́ síwájú láti dọ̀bálẹ̀, gbogbo wa rí ohun mìíràn: awọ pupa kan tó fẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, pẹ̀lú bọ́kùlù irin.

Ìyá Aláró gbá mi mú léjìká. "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti dè é."

"Ó lè jẹ́ tírà," ìyá mi ní.

"Tírà wo ló ń ní bọ́kùlù? Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀ yìí tàbí ibẹ̀ ló ń lọ."

Bàbá mi kò tilẹ̀ ní kó dìde. "Làmídì, ẹrù rẹ nìyí. Má bínú. Ọmọ mi kò ṣeé fún ọ mọ́."

Làmídì dìde sórí orúnkún, ó wo bàbá mi, ó wo igbá. "Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. Kò bèèrè ìdí. Àna kì í bá àna rojọ́. Ó tẹ̀ ba láti gbé igbá náà, kákí rẹ̀ ń dún kàkà nítorí sítáàṣì mi. Bí ó ṣe tẹ̀ ba báyẹn ló já mi láyà ju ohun gbogbo lọ. Ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń nà ró fún, ó ń gbẹ́rù bí alábàárù.

Ẹni kan kì í dá ẹrù ńlá gbé rù. Èmi ni mo bá a gbé e, nítorí iṣẹ́ ilé ni, kò sẹ́ni tó lè ní kí n má ṣe é. Igbá náà wà láàárín wa, ojú mi sì súnmọ́ ojú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Mo ní nínú ara mi pé, bí ìtìjú ni, ó ti tán.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ta ló tú ilà apá yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Mo fi abẹ tú u. Mo rọra ṣe é kí aṣọ má baà ya."

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"N kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní mo ti kọjá ibẹ̀ ni."

"Kọjá ibo? Ṣé wọ́n ti lé yín níbi iṣẹ́ ni?"

Ó gbé igbá náà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí nǹkan yà á lẹ́nu. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ padà sí mi. Lójú awọ náà, lápá kejì tí a kò rí, idẹ kan ń dán, ó rí roboto, ó sì ní ẹnu lókè. "Adé nìyẹn. Adé ọbabìnrin Òyìnbó. Sàmáńjà ni mí báyìí. Àwọn onílà mẹ́ta ni mò ń pàṣẹ fún."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n wá sílé àna mi, kí n máa ki ara mi? Mo rò pé ẹ ti rí i. Ṣebí ìwọ lo ń fọ aṣọ mi."

"Mo rí i. Ohun tí mo rí ni pé kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá Aláró ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Adé? Lọ́rùn ọwọ́? Orí ni adé ń gbé. Ta ló rí i rí?"

"Lẹ́yìn mẹ́ta, mẹ́rin ló kàn," bàbá mi ní, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Ìyá Sàráfà sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Báwo lèèyàn ṣe máa gòkè, kí ilà rẹ̀ di òfo? Làmídì, sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó o sọ ọ́."

Nígbà tí bàbá mi ti pàṣẹ, Làmídì lè sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti igbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Ìbàdàn la wà. Bí Àṣípa Balógun bá di Òsì Balógun, ṣé ó tún ń jẹ́ Àṣípa?"

"Rárá. Ó ti fi í sílẹ̀."

"Ta ló fi í sílẹ̀ fún?"

"Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni."

"Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti gba ilà mẹ́ta náà, sà."

Láti kékeré ni bàbá mi ti ń wo àwọn ìjòyè tó ń gun Òkè Mápó, tí wọ́n ń bọ́ oyè kan sílẹ̀ kí wọ́n tó gba òmíràn, ní ìpele ìpele. Bí ìlú rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn látayébáyé. Ilà ojú ló fi ń ka apá ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tó jẹ́ pé oyè Ìbàdàn ló yẹ kó fi kà á. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ilẹ̀, láìtẹ́ ẹní. Ó wo igbá ńlá tó wà láàárín agbo ilé, ó wò ó bí ẹni pé kò rí i rí.

"Ta ló di ẹrù yìí?" ó ní.

Ìyá mi wò mí, èmi wo Ìyá Aláró.

"Mo ní ta ló di ẹrù yìí? Ẹ gbé e wọlé, ẹ tú u kíá."

"Ìwọ ni, Àkànbí," Ìyá Aláró dáhùn, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ Làmídì ló ń wò. Ó fi ìka dúdú rẹ̀ kan idẹ náà, ó sì mi orí. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi tú òwú lára àdìrẹ," ó ní. "Mo mọ̀ pé ìgbà tí a bá tú okùn ni ọnà ń yọ. Mo wá rí ẹ̀wù tí wọ́n tú, mo ní wọ́n bọ́ oyè lára rẹ̀."

Báyìí ni ẹrù ṣe padà sí yàrá ìyá mi. Ooru inú igbá náà ti mú obì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, a yọ wọ́n sọnù. Iléyá dé, àgbò kọjá, wọ́n so yìgì wa nínú agbo ilé. Bàbá Káríìmù wá pẹ̀lú àwọn ahunṣọ tó kọrin. Ó ti gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dúró láàárín àwọn èèyàn, ó gbóhùn sókè.

"Àkànbí, ilà mélòó ni àna rẹ ní báyìí?"

Bàbá mi rọra tún etí fìlà rẹ̀ ṣe.

"Àna mi?" ó ní. "Kò ní ẹyọ kan. Kò ní ilà kankan."

Ẹ̀mí bàbá mi gùn títí tó fi gbé ọmọ mi àkọ́bí jó, bàbá Mùlíkátù. Ọkọ mi lọ sí Kóńgò lẹ́yìn òmìnira, ó sì padà wálé. Ó ti fi wá sílẹ̀ báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Awọ náà wà nínú àpótí mi. Ó ti gan, ṣùgbọ́n idẹ náà ṣì ń dán bí mo bá fi eérú nù ún.

Mùlíkátù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wo apá búláàsì rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò bà lé e. Ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní abẹ, kí n tú u kúrò."

"Dúró," mo ní. "Ọkọ mi kò tú tirẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní ohun tó jù ú lọ. Ìwọ, kí lo ní tí o fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú, níbi tí adé ọkọ mi máa ń wà, ó jókòó bẹ́ẹ̀. Mo gbé àtẹ mi, mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.